Ẹ̀gbà Tí Kò Láwọ̀

“Èmi kọ́ ni ara mi ò yá o,” ni ọkùnrin náà wí, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ síwájú Tinúọlá bí ẹni pé ejò ló wé mọ́ ọn. “Bàbá mi ni mo sìn wá. Àwọn ni ẹsẹ̀ ń dùn. Mo kàn di apá wọn mú wọlé ni, ni ẹnu ọ̀nà yín bá gbá mi lọ́wọ́ mú, ó fi nǹkan yìí sí i.”

Tinúọlá tẹ̀ síwájú, ó wo ẹ̀gbà ọwọ́ náà. Òjò àárọ̀ ṣì ń rọ̀ sórí òrùlé gíláàsì yàrá náà, omi rẹ̀ ń ṣàn kọjá lókè orí wọn. Ó ti pẹ́ tí Tinúọlá ti ń ṣe Olùsọ Ìdí, ẹni tó ń sọ ìdí iṣẹ́ abẹ fún aláìsàn, ní Ilé Ìtọ́jú Orí-Òkè, kò sì sí ẹ̀gbà kan tí kò mọ ohun tó ń wí. Bó bá funfun, àyẹ̀wò ni, Ọlọ́wọ́, ẹ̀rọ oníṣẹ́ abẹ wọn, fẹ́ wo inú ara kó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bó bá pupa, ó ti mọ̀ ọ́n, ó fẹ́ yọ ọ́ tàbí kó tún un ṣe. Aláwọ̀ ewé wà fún àìsàn tí kò tíì dé, tí wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ síta. Èyí tó dúdú bí aró ni ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ rí. Ìtura ni wọ́n ń pe ìyẹn, ẹni tí wọ́n bá sì fún ní ìtura, wọ́n ti dẹ́kun ìjà lórí rẹ̀ nìyẹn.

Ti ọkùnrin yìí kò láwọ̀ rárá. Ó mọ́ gaara bí omi ẹ̀rọ. Irun ọwọ́ rẹ̀ hàn lábẹ́ rẹ̀ ketekete.

“Kí lorúkọ yín, sà?”

“Akínbọ̀dé. Iṣẹ́ kọnkéré ni mò ń ṣe, níbi ògiri tí wọ́n fi ń dá òkun dúró.”

“Ẹ jókòó, Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀dé. Bóyá ẹnu ọ̀nà ló ṣèèṣì.”

Ó sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò bá a sọ ọ́. Ẹnu ọ̀nà kì í ṣèèṣì. Ó wo òdìkejì gíláàsì níbi tí Ọ̀gá Láoyè, tó ń ṣe ẹlẹ́rìí fún un lọ́jọ́ náà, jókòó sí. Àgbàlagbà ni Ọ̀gá Láoyè, òun ló kọ́ Tinúọlá níṣẹ́. Òun náà ti rí ẹ̀gbà yẹn, kò sì ṣẹ́jú.

Tinúọlá fi ìka tẹ ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tó wà nínú etí rẹ̀. “Ọlọ́wọ́, kí ni ìdí iṣẹ́ fún ẹni tó wà níwájú mi?”

“Ẹ káàárọ̀, Ìyáàfin Tinúọlá.” Ohùn náà tutù, ó sì nítẹríba, bí ohùn ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. “Ẹ̀kọ́ ni ìdí rẹ̀.”

“Ẹ̀kọ́? Ẹ̀kọ́ ta ni?”

“Ẹ̀kọ́ mi.”

Tinúọlá rìn lọ sí igun yàrá, ó kọ ẹ̀yìn sí ọkùnrin náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, Ọlọ́wọ́ nìkan ló ń di ọ̀bẹ mú ní gbogbo ìlú Atúntẹ̀. Àwọn dókítà tó kẹ́yìn ti kú pẹ̀lú ìmọ̀ wọn, àwọn ọmọ wọn sì di oníṣòwò. Kò sẹ́ni tó rò pé ohun kan kù tí Ọlọ́wọ́ ní láti kọ́.

“Àwọn ọmọ tí àrùn Ìsénà mú, tí wọ́n wà lókè lọ́hùn-ún,” ni ohùn náà ń bá a lọ, “gbogbo àwọn tí mo ṣí ọ̀fun wọn ló kú. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Mo mọ̀.”

Báwo ni kò ṣe ní mọ̀? Mofiyìn ọmọ rẹ̀ wà láàárín wọn. Ọmọ ọdún méje ni. Ikọ́ lásán ni àìsàn náà fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀fun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dí láti inú wá, bí kànga tí iyanrìn ń ya sí. Wọ́n ti fi ọ̀pá rọ́bà sí i lọ́rùn kó lè máa mí, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀gbà aláwọ̀ aró ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìjẹta.

“Ọ̀fun tí àrùn ti bà jẹ́ nìkan ni mo ti rí,” ni Ọlọ́wọ́ wí. “Ọkùnrin yìí, ilẹ̀ àbàtà ni wọ́n bí i sí. Omi tí àwọn ọmọ yẹn mu lòun náà ń mu. Ó yẹ kí àrùn náà ti mú un, kò sì mú un. Ohun kan wà nínú ọ̀fun rẹ̀ tó ń lé e padà. Mo fẹ́ rí i nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń sáré nínú rẹ̀. Bí mo bá rí i, màá mọ ọ̀nà tí màá gbà nínú ti àwọn ọmọ.”

“Ṣé yóò jí?”

“Ó ṣeé ṣe. Bó bá jí, kò dájú pé yóò lóhùn.”

“Kí ni kí n wá sọ fún un?”

“Ìdí. Òfin yín ni. Ẹ̀yin lẹ ṣe é.”

“Bí mo bá sọ ọ́ bí o ṣe sọ ọ́ yìí, kò ní gbà.”

“Èmi kì í parọ́, Ìyáàfin. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mò ń bá wọn sọ̀rọ̀. Òfin ní ohùn èèyàn ni kó sọ ìdí, ohùn èèyàn ni kó gbà á, ohùn èèyàn ni kó sì jẹ́rìí sí i. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ á ṣí. Ẹ̀yin lẹ lẹ́nu.”

Nígbà tó yíjú padà, Akínbọ̀dé ti ń fi èékánná họ ẹ̀gbà náà.

“Ìyá bàbá mi wà lára àwọn tó fọ́ ilẹ̀kùn ibí yìí láyé ijọ́un,” ló wí, ó ń fẹ́ rẹ́rìn-ín. “Wọ́n ní èèyàn á gbé orí fífọ́ wá, á jáde pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ nínú ikùn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ohun tí wọ́n yọ. Wọ́n ní ó lè jẹ́ ire, ó lè jẹ́ ibi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n fi irú yín síbí. Nítorí náà, ẹ sọ fún mi, mà. Kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe?”

Àyẹ̀wò ni. Gbogbo ohun tó kù láti sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tinúọlá ti sọ ọ́ fún èèyàn débi pé ẹnu rẹ̀ lè sọ ọ́ lójú oorun. Àyẹ̀wò ni, ẹ má bẹ̀rù, wọ́n kàn fẹ́ wo inú ọ̀fun yín. Akínbọ̀dé á ní òun gbọ́, òun gbà. Ẹlẹ́rìí á ní ó tọ́. Tó bá sì fi máa di ọ̀la, ẹ̀gbà ọwọ́ Mofiyìn á ti pọ́n.

Ó gbójú sókè wo gíláàsì. Ọ̀gá Láoyè ń wò ó. Òun náà ní ìlẹ̀kẹ̀ létí, ó ti gbọ́ gbogbo ohun tí Ọlọ́wọ́ wí. Ó rọra mi orí lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí bàbá bá ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó mú ẹran tó wà nínú àwo, kò sẹ́ni tó máa bá a wí.

“Àbí kí n kọ́kọ́ sáré sọ fún bàbá mi?” ni Akínbọ̀dé tún wí. “Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Bí wọn ò bá gbọ́ ohùn mi nítòsí, jìnnìjìnnì á bá wọn. Wọ́n á máa ké pè mí kiri ni.”

Tinúọlá jókòó.

“Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀dé,” ló wí, “kò sí àìsàn kankan lára yín. Ọlọ́wọ́ fẹ́ la ọ̀fun yín láti fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn ọmọ tí Ìsénà mú. Ẹ lè má jí. Bí ẹ bá jí, ẹ lè má sọ̀rọ̀ mọ́. Kò sí àǹfààní kankan tí yóò ṣe yín. Ìdí rẹ̀ nìyẹn.”

Ọkùnrin náà wò ó títí.

“Ẹ bímọ sáàárín wọn,” ló wí níkẹyìn. Kò béèrè, ó ń sọ ohun tó rí lójú rẹ̀ ni.

“Mo bí ọ̀kan.”

“Ha.” Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. “Ọlọ́run á bá yín wò ó, mà. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò gbà. Ẹ má bínú, mi ò gbà.”

Bó ti sọ ọ́ tán ni ẹ̀gbà náà là, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì yí lọ sábẹ́ àga. Akínbọ̀dé kò dúró bẹ̀rẹ̀ wò ó. Láti ojú fèrèsé ni Tinúọlá ti rí i níta, tó gbé bàbá rẹ̀ pọ̀n nínú òjò, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kíákíá. Wọn ò tíì wo ẹsẹ̀ bàbá náà. Ọwọ́ bàbá arúgbó náà wà lójú ọmọ rẹ̀, ó ń fi ìka wá ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i.

Ọ̀gá Láoyè wọlé, ó fi ìbọ̀wọ́ mú ẹ̀gbà náà nílẹ̀.

“Òótọ́ lo sọ,” ló wí.

“Iṣẹ́ tí ẹ kọ́ mi nìyẹn, sà.”

“Mo mọ ohun tí mo kọ́ ẹ.” Ó ń yí ẹ̀gbà náà sí ìmọ́lẹ̀, kò wo ojú rẹ̀. “Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn àgbà tó sọ ọ́ kì í ṣe òpònú, Tinú.”

“Ọmọ ẹlòmíràn lòun náà, sà. Bàbá rẹ̀ ló gbé pọ̀n lọ yẹn.”

Ọ̀gá Láoyè mí kanlẹ̀. “Lọ wo ọmọ ẹ,” ló wí. “Màá bójú tó ibí.”

Wọ́ọ̀dù òkè dákẹ́ ju bí wọ́ọ̀dù ọmọdé ṣe yẹ kó dákẹ́ lọ. Kò sí ẹni tó lè sunkún níbẹ̀. Ọ̀pá rọ́bà nìkan ló ń súfèé lọ́rùn àwọn ọmọ, ọwọ́ irin Ọlọ́wọ́ sì ń rìn láti bẹ́ẹ̀dì kan sí èkejì lórí okùn tó wà lókè, ó ń fa itọ́, ó ń pa aṣọ dà, ó ń tẹ́ ìrọ̀rí.

Mofiyìn kò sùn. Ó ti rù débi pé ẹ̀gbà aláwọ̀ aró náà lè yọ́ gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Nígbà tó rí ìyá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà, ó fi ìka tọ́ka sí bẹ́ẹ̀dì tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó máa ń ṣẹ́jú sí i láti pa á lẹ́rìn-ín ló wà níbẹ̀ lánàá. Bẹ́ẹ̀dì náà ti ṣófo, wọ́n ti tẹ́ ẹ mọ́ nini.

Mofiyìn gbé ìpéǹpéjú méjèèjì sókè. Ó dà?

“Wọ́n ti mú un lọ sílé,” ni Tinúọlá wí.

Ọmọ náà wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó yí orí rẹ̀ sí ògiri.

Tinúọlá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lábẹ́ aṣọ. Ẹsẹ̀ náà tutù. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sínú ìlẹ̀kẹ̀ etí rẹ̀. “Ọlọ́wọ́, ọjọ́ mélòó ló kù fún un?”

“Ìtura náà ń ṣiṣẹ́, Ìyáàfin. Kò ní ìrora.”

“Ohun tí mo bi ọ́ kọ́ nìyẹn.”

“Ó lè rí òwúrọ̀ ọ̀la,” ni Ọlọ́wọ́ dáhùn. “Mi ò lè sọ ju ìyẹn lọ.”

Ó jókòó tì í. Ó kọ orin fún un díẹ̀, ó dákẹ́, ó tún kọ. Ó ń retí pé kí ara tu òun nítorí òótọ́ tí òun sọ láàárọ̀. Ara kò tù ú. Ohun tó ń bọ̀ sí i lọ́kàn ni ọwọ́ Akínbọ̀dé: ọwọ́ líle, tó kún fún sìmẹ́ńtì, tó lágbára láti gbé odidi bàbá sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra ọwọ́ náà. Ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á.

Òjò ti dá, oòrùn ọ̀sán sì ti yọ, nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ etí rẹ̀ dún. “Ìyáàfin Tinúọlá, wọ́n ń fẹ́ ẹlẹ́rìí nísàlẹ̀.”

Ìjókòó tí Ọ̀gá Láoyè jókòó sí láàárọ̀ lòun náà jókòó sí báyìí, lẹ́yìn gíláàsì. Nínú yàrá, Ọ̀gá Láoyè wà níwájú ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ ọlọ́kọ̀ ojú omi, bàtà rẹ̀ ṣì ń kán omi sílẹ̀. Ẹnu ọmọbìnrin náà kò dúró.

“Oúnjẹ ìyá àgbà mi ni mo kàn gbé wá o, bàbá. Ẹ wò ó, ọbẹ̀ ẹja ni, á tutù. Ṣíjúadé ni wọ́n ń pè mí, gbogbo ẹni tó ń wọkọ̀ lójú omi ló mọ̀ mí. Èmi ni mò ń pe èbúté. Ẹ ò tíì gbọ́ ohùn mi rí? Bí mo bá ké ‘Èbúté Ìsàlẹ̀, ẹ bọ́ sílẹ̀ o!’, àwọn tó wà létí òkun pàápàá á gbọ́!” Ó rẹ́rìn-ín. “Kí ni wọ́n wá fẹ́ fi èmi ṣe?”

Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ mọ́ gaara bí omi.

Tinúọlá dìde dúró. Ọ̀gá Láoyè gbójú sókè, ó rí i, ó sì tún yíjú sí ọmọbìnrin náà. Ojú àgbàlagbà náà ti pọ́n, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dúró ṣinṣin.

“Àyẹ̀wò lásán ni, ọmọ mi,” ló wí. “Wọ́n kàn fẹ́ wo inú ọ̀fun rẹ.”

“Ṣé kò ní pẹ́? Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ń dúró dè mí. Bí mi ò bá sí níbẹ̀, àwọn arúgbó á kọjá èbúté wọn.”

“Kò ní pẹ́.”

“Ṣé á dùn mí?”

“Wàá sùn ni. O ò ní mọ nǹkan kan.”

“Ó dáa náà. Mo gbọ́, mo gbà.” Ó gbé abọ́ oúnjẹ náà lé orí tábìlì. “Ẹ bá mi fi nǹkan bò ó, kí eṣinṣin má kó sí i. Màá gbé e fún wọn tí mo bá jáde.”

Nígbà náà ni ohùn yẹn dé sí etí Tinúọlá, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ìtẹríba. “Ẹlẹ́rìí, ṣé ìdí tí wọ́n sọ tọ́?”

Bí kò bá tọ́, kó sọ pé kò tọ́, ó parí. Ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Ẹ̀gbà á bọ́ sílẹ̀, ọmọbìnrin náà á gbé ọbẹ̀ ẹja rẹ̀, á lọ. Láàárọ̀, ó rọrùn fún un láti sọ òótọ́, tàbí ó dà bí ẹni pé ó rọrùn, torí pé kò tíì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ tútù yẹn, kò tíì rí bẹ́ẹ̀dì òfìfo. Ó wo Ọ̀gá Láoyè. Ọ̀gá Láoyè ń wo ilẹ̀. Ó yé e pé nítorí tòun ni àgbàlagbà náà ṣe fi ẹnu rẹ̀ tó mọ́ láti ìgbà èwe parọ́, kó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kékeré tó kẹ́yìn nìkan ló kù fún òun.

Ṣíjúadé rí i lẹ́yìn gíláàsì, ó juwọ́ sí i. “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà!”

“Ẹlẹ́rìí?” ni Ọlọ́wọ́ tún pè.

Tinúọlá la ẹnu. Ó rò pé òun fẹ́ kígbe.

“Ó tọ́,” ló wí.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọbìnrin náà wọlé, ó ṣì ń sọ̀rọ̀, ó ń béèrè bóyá kí òun bọ́ bàtà, ó ń sọ pé ibẹ̀ mà tutù o. Ilẹ̀kùn padé, ọ̀rọ̀ náà sì gé láàárín.

Ọ̀gá Láoyè yọ ìlẹ̀kẹ̀ etí rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó mú aṣọ kan bo abọ́ oúnjẹ náà, ó sì jáde láìkí ẹnikẹ́ni. Tinúọlá kò kúrò lórí ìjókòó. Oòrùn rọra ń yí lára gíláàsì, ó ń pọ́n, ó ń lọ. Kò gbọ́ ohun kankan láti inú lọ́hùn-ún. Òun fúnra rẹ̀ ti ń sọ fún àwọn èèyàn láti ìgbà pípẹ́ pé èèyàn kì í gbọ́ ohun kankan.

“Ẹ̀kọ́ ti parí, Ìyáàfin Tinúọlá,” ni ohùn náà wí níkẹyìn. “Mo ti mọ ọ̀nà báyìí.”

“Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́?”

Tinúọlá ń wo abọ́ oúnjẹ tó wà lórí tábìlì lẹ́yìn gíláàsì.

“Ẹ̀gbà ọmọ yín ti pọ́n,” ni Ọlọ́wọ́ dáhùn. “Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń wo ilẹ̀kùn. Ẹ tètè máa bọ̀ lókè, Ìyáàfin. Òfin ní kí ẹnì kan sọ ìdí fún un.”